Àjò Kì í Dùn Kí Onílé Má Relé: Ìtàn Físà Ìbẹ̀wò

Bí ọmọ wa bá bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ. Kò sí ẹni tó ń jiyàn èyí nílé wa. Ìyá á ti ra ọṣẹ dúdú, á ti ra àdín àgbọn, á ti lọ èlùbọ́, á sì ti dì í sínú ọ̀rá. Ohun tó kù kò ju físà lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń di ìṣòro. Ẹ wo fọ́ọ̀mù náà lókè, ẹ wò ó nísàlẹ̀, ẹ ò ní í rí ibi tí wọ́n kọ "ìwẹ̀ ọmọ" sí. Ìrìn afẹ́ wà níbẹ̀, ìbẹ̀wò ẹbí wà níbẹ̀, òwò wà níbẹ̀, ìtọ́jú àìsàn náà wà níbẹ̀. Ìyá wa kan bi ajẹ́ńtì tó ń bá a kọ ọ́ pé, "Èwo ni tèmi nínú gbogbo ìwọ̀nyí?" Ajẹ́ńtì ní kó kọ ìrìn afẹ́. Ó ní kó má dárúkọ ọmọ kankan tó wà lókè òkun, torí tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ wà níbẹ̀, wọn ò ní í fún un. A máa padà sórí ohun tó gbẹ̀yìn ìmọ̀ràn yẹn.

Ìbéèrè ìyá yìí la fẹ́ fi ìtàn dáhùn lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mú físà bíi tẹ́tẹ́: ẹni tó jẹ ẹ́ ti jẹ ẹ́, ẹni tí kò jẹ ẹ́ lọ gbàdúrà sí i. A kì í béèrè pé ta ló dá a sílẹ̀, ìgbà wo ló dá a sílẹ̀, kí ló sì ń bà á lẹ́rù tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oríṣiríṣi físà tó wà lónìí, kálukú ló ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó bí i á mọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ òun. Lójú tiwa, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo físà ìbẹ̀wò: ṣé ẹ ó padà sílé? Àwọn àgbà wa ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ohun tí àwa kà sí òwe tí kò nílò ẹ̀rí ni oníbodè òkè òkun ní ká wá kó ìwé ẹ̀rí lé lórí.

Ẹnubodè tiwa

Kí a má rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní ẹnubodè o. Àwọn ìlú ńlá wa ní odi, odi ní ẹnubodè, ẹnubodè ní oníbodè. Oníbodè ló ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, òun náà ló ń bi àlejò pé níbo lo ti ń bọ̀, ta lo wá bá. Ìránṣẹ́ ọba ń mú ọ̀pá tàbí àrokò dání, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlejò tí kò ní irú ẹ̀ ní láti ní onílé, ìyẹn ẹni tó máa gbà á sílé, tó sì máa dáhùn fún un bó bá ṣe ohun tí kò dáa.

Òyìnbó pàápàá dúró de àṣẹ lọ́dọ̀ wa. Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, òun àti Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń fa òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ léra wọn lọ́wọ́, títí wọ́n fi dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826. Aláàfin gbà á lálejò, ó fún un níbùsùn, ó fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní òun fẹ́ máa lọ síwájú, sí ìhà Odò Ọya, Aláàfin ò tètè yọ̀ǹda rẹ̀. Di oṣù kẹta ọdún náà kó tó ráyè kúrò. Ká sọ ọ́ lédè òde òní, òyìnbó ń retí físà.

Ẹ wo ohun mẹ́ta tí àlejò ayé àtijọ́ nílò: kó sọ ohun tó bá wá, kó ní ẹni tó gbà á sílé, kí aláṣẹ sì yọ̀ǹda kó wọlé, kó yọ̀ǹda kó jáde. Ẹ mú fọ́ọ̀mù físà èyíkéyìí lónìí, ohun mẹ́ta yìí náà lẹ máa bá níbẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ojú la fi ń mọ̀ọ̀yàn nígbà náà, ìwé ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n báyìí.

Ìwé àlọ tí kò ní àbọ̀

Àwọn baba wa kan ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé ìjáde àti ìwé ìwọlé kí pásípọ́ọ̀tù tó di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gbòmìnira nílùú Salvador, ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, gbé ìjà dìde. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, púpọ̀ sì jẹ́ Nagô, orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ìjà Malê ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ìmàle tiwa náà ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ìjọba tẹ̀ ẹ́ rì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan lẹ́gba, wọ́n kó àwọn mìíràn sọ́kọ̀ pé kí wọ́n padà sí Áfíríkà. Nígbà tó yá, àwọn tó rí i pé ilẹ̀ náà ò gba àwọn mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara wọn wọkọ̀ wálé. Àwọn àti àtọmọdọ́mọ wọn là ń pè ní Àgùdà ní Èkó, ní Àjàṣẹ́ àti ní Ouidah.

Kí wọ́n tó wọkọ̀, ìjọba Bahia fún wọn ní pásípọ́ọ̀tù. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dùn mọ́ yín nínú o. Òfin Brazil ti ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 1831, òfin kan náà tó ní kí wọ́n má kó ẹrú wọ̀lú mọ́, tún sọ pé ẹnikẹ́ni tó ti jẹ́ ẹrú rí, tó ti gbòmìnira, tí kì í ṣe ọmọ Brazil, kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Brazil rárá. Bó bá sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n dá a padà kíá. Àwọn kan rí ọ̀nà lọ bọ̀ nídìí òwò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ẹni tó ti lo ogún ọdún ní Bahia, tó bímọ síbẹ̀, tó kọ́lé síbẹ̀, bó bá ti fi ìwé yẹn jáde, ó ti di àlejò tí wọn ò fẹ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Pásípọ́ọ̀tù ni ìwé tí ìlú tìrẹ fi sọ pé tàwọn ni ọ́. Físà ni ìwé tí ìlú ẹlòmíràn fi sọ pé àwọn lè gbà ọ́. Ìkíní kì í mú èkejì wá.

Ogun ló bí i

Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ẹni tó bá ti lówó ọkọ̀ lè la ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọjá láìsí ẹni tó máa béèrè pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Ogun dé, kálukú ń bẹ̀rù amí. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa mú ìwé dání, wọ́n ní kí wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n pè ní ti ìgbà ogun nìkan ni, ṣùgbọ́n ogun parí, ìwé ò parí. Ní 1920, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Paris lábẹ́ League of Nations, wọ́n fẹnu kò lórí bí pásípọ́ọ̀tù ṣe máa rí: ìwé kékeré olójú ewé 32. Bí a bá mú pásípọ́ọ̀tù tiwa lónìí, ọmọ ìpàdé yẹn là ń wò.

Ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní físà, inú èdè Látìn ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì ju "ohun tí a ti wò" lọ. Ẹnì kan ti wo ìwé rẹ kó o tó dé. Amẹ́ríkà ló sọ èyí di òfin líle ní 1924: kí àjèjì tó wọkọ̀, aṣojú Amẹ́ríkà ní ìlú tiẹ̀ ní láti ti wo ìwé rẹ̀, kó sì ti fọwọ́ sí i. Ní 1952, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, òun ló sì sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún láìfi bò. Ó ní ẹni tó bá wá béèrè físà àlejò, kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ kà á sí ẹni tó fẹ́ wá jókòó, àyàfi tóun fúnra rẹ̀ bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ yẹn? Òṣìṣẹ́ ò ní láti fi hàn pé ẹ ò ní í padà. Ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ẹ ó padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kúrò nídìí fèrèsé yẹn pẹ̀lú omijé, tí wọ́n ń sọ pé, "Kí ni mo ṣe fún wọn?" Wọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rí ló kù tí wọn ò mú wá.

Ìlú Ọba àti àwa

Nílé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pín wa sọ́nà méjì. Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, nítorí náà ẹni tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú Òde jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kàn ń dáàbò bò. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀, ìwé wọn ò dọ́gba.

Àwọn tó lọ kàwé nígbà náà kò béèrè físà, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun mìíràn. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925. Ohun kan tí ẹgbẹ́ náà jà fún ni ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ dúdú lè dé sí, torí ọ̀pọ̀ onílé ló ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní 1933 ni wọ́n ṣí ilé tiwọn ní Camden Town. Ẹnubodè ṣí sílẹ̀, onílé ni kò sí.

Lẹ́yìn òfin ọdún 1948, gbogbo ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ayé lè wọ Ìlú Ọba, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé ibẹ̀. Láti 1951, ọkọ̀ òkun Aureol ń gbé èèyàn láti Èkó lọ sí Liverpool. Àwọn bàbá wa tó bá ọkọ̀ yẹn lọ kì í sọ̀rọ̀ físà nínú ìtàn wọn. Òtútù ni wọ́n ń sọ, àti oúnjẹ tí kò ní ata.

Òfin ọdún 1962 ló kọ́kọ́ pààlà sáàárín wa. Ó ní ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀, àlejò yàtọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí "àlejò" gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún àwa tí a ti jẹ́ ará ilé wọn tẹ́lẹ̀. Àlejò ni ẹni tí kò wá ṣiṣẹ́, tí kò wá jókòó, tó máa lọ. Síbẹ̀, a ò gba físà. Ẹni tó bá dé pápákọ̀ òfuurufú Heathrow á fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún aṣọ́bodè, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ó di inú ìlú. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, owó epo wọlé, náírà lágbára ju dọ́là lọ, àwọn ìyá olówó ń lọ ra léèsì ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń padà wálé lọ́sẹ̀ kejì. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa padà. Owó wọn ti dáhùn fún wọn.

Nítòsí ilé

Kí a tó sọ bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe tì, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí, torí kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń lé àlejò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kúrò. Àwọn èèyàn wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìníṣà, tí wọ́n ti ń tajà ní Gánà láti ìgbà àwọn bàbá wọn, di ẹni tó ń kẹ́rù lóru. Àwọn mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, gbèsè tí èèyàn jẹ wọ́n wọmi. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé rí, àfìgbà tí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1975, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní Èkó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, wọ́n fi kún un pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ECOWAS lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90. Títí dòní, òun la fi ń lọ sí Kútọnu àti Lomé. Ó dáa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 ni wọ́n wí. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí ní Nàìjíríà pàṣẹ pé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ kúrò, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ní wọ́n ti kọjá ọjọ́ wọn, wọn ò sì ní ìwé iṣẹ́. Báàgì tí wọ́n fi kẹ́rù lọ ni a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Àwa tí wọ́n lé ní 1969 la lé èèyàn ní 1983. Nítorí náà, àìgba físà kì í ṣe àìní òfin. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ 90, ẹ kà á.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1986

Sri Lanka ni Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, ní 1985. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, Douglas Hurd, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn, kéde pé àlejò láti Íńdíà, Pakistan, Bangladesh, Gánà àti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ máa gba físà kí wọ́n tó wá. Èrò ti pọ̀ jù ní pápákọ̀ òfuurufú, ni wọ́n wí. Nínú oṣù kẹsàn-án yẹn náà ni ìjọba Babańgídá ṣí ọjà tí wọ́n ti ń ta owó ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń pè ní SFEM, náírà sì já wálẹ̀ bí ẹni já látorí àgbọn. A ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ohun tí a ń sọ ni pé láàárín oṣù kan náà, ìyá tó ń lọ ra léèsì pàdánù owó tó ń dáhùn fún un, ó sì tún pàdánù àǹfààní láti fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́nu ibodè. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní 1987, wọ́n tún ṣe òfin pé ọkọ̀ tó bá gbé ẹni tí kò ní físà wá máa san £1,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fi ń tú ìwé yín yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ ní Ìkẹjà. Wọ́n ti sọ òun náà di oníbodè.

Bí wọ́n bá kọ̀ fún èèyàn ńkọ́? Ìtàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin ọdún 1993 gba ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ kúrò lọ́wọ́ àlejò. Ní 2000, wọ́n dá a padà fún ẹni tó ń lọ bẹ ẹbí wò. Ní 2013, wọ́n tún gbà á. Lónìí, bí wọ́n bá kọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè ṣe ni kí wọ́n tún owó san, kí wọ́n tún ìwé kọ. Ìwé àkọ́kọ́ ló wá di ìwé tó ṣe pàtàkì jù.

Èwo ni tìyá wa?

Ní 2015, Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn físà àlejò tó ti pọ̀ bíi koríko jọ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni Standard Visitor. Ìrìn afẹ́, ìbẹ̀wò ẹbí, ìpàdé òwò àti ìtọ́jú àìsàn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ ṣègbéyàwó ní físà tirẹ̀, ẹni tó kàn fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ní tirẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni àlejò máa ń lò lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lè fún èèyàn ní ti ọdún méjì, márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ibí yìí lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà: ọdún mẹ́wàá ni ọjọ́ orí ìwé, kì í ṣe iye ọjọ́ tí ẹ lè lò lọ́hùn-ún. Ẹ lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá, oṣù mẹ́fà ò gbọdọ̀ kọjá nígbà kọ̀ọ̀kan.

Yúróòpù tún gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní 1985, orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí àdéhùn ní abúlé Schengen, ní Luxembourg, pé kí wọ́n wó ẹnubodè tó wà láàárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995. Ẹnubodè inú wó, ti òde wá nípọn. Físà kan ló ń wọ gbogbo wọn, ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180. Ìlú tí ẹ máa pẹ́ sí jù lẹ máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba ti ìlú kan torí wọ́n ní ó rọrùn, tó sì lọ lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ìwé ara rẹ̀ ló máa pè é ní òpùrọ́.

Kí a má dá òyìnbó nìkan lẹ́jọ́, Nàìjíríà náà gbé ìlànà físà jáde ní 2020, oríṣi físà 79 ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ àtọmọdọ́mọ ẹrú láti Bahia tó fẹ́ wá wo Ilé-Ifẹ̀ náà ní láti wá èyí tó bá tirẹ̀ mu láàárín wọn.

Nítorí náà, kí ni ìyá wa ì bá kọ? Òótọ́ ni. Ìbẹ̀wò ẹbí ni: ọmọ mi bímọ, mo fẹ́ lọ rí wọn, oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ lò, ọmọ náà ló gbà mí sílé, ìwé rẹ̀ nìyí. Ohun tí òfin kọ̀ ni kó lọ ṣiṣẹ́ gbowó, kó sọ ìtọ́jú ọmọ di iṣẹ́ oṣù. Kò sí òfin tó ní kí ìyá àgbà má gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè ńlá yẹn: ṣé ẹ ó padà? Òwe kì í wọnú fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú òwe ń wọ̀ ọ́. "Onílé" tí òwe ń sọ ní ilé: ìwé ilé náà ńkọ́? Owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé lóṣooṣù ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́jà, ìwé owó orí rẹ̀ ńkọ́? Ọkọ tó wà nílé, àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Owó ńlá tó já bọ́ sí báńkì lọ́sẹ̀ tí ẹ kọ fọ́ọ̀mù kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Owó kékeré tó ti ń rìn wá, rìn lọ fún oṣù mẹ́fà dáhùn jù ú lọ. Òfin sì ń yí padà lọ́dọọdún. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà àlejò fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta péré. Nítorí náà, ẹ lọ ka ohun tí ìjọba ìlú náà fúnra rẹ̀ kọ, kí ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan gba lọ́dún tó kọjá.

Àwa náà rí àléébù nínú ètò yìí o. Ó rọrùn fún òṣìṣẹ́ tó ní ìwé owó oṣù láti fi hàn pé ilé ń pe òun. Ìyá tó ń ta gààrí, tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè ṣèpàdé bí kò bá sí níbẹ̀, tí sàréè ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, òun gan-an ni kò ní í gbé Lọ́ńdọ̀nù bí wọ́n bá fún un ní ààfin. Òun náà ni ìwé rẹ̀ kéré jù. Aláàfin tó gba Clapperton lálejò rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ìyá wa kò rí ojú rẹ̀.

Ìyá wa yẹn ńkọ́? Ìrìn afẹ́ ló kọ, ó ní òun ò ní ọmọ kankan lọ́hùn-ún. Wọ́n wá a, wọ́n rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí ọmọ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nígbà tóun ń lọ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni tó bá parọ́ nínú ìwé físà lè má rí físà gbà fún ọdún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti kọ̀ fún un torí ìwé kò tó, ì bá tún un kọ lóṣù kejì. Irọ́ ni kò ṣeé tún kọ. Ajẹ́ńtì ti gba owó tirẹ̀, ó ti lọ.

Èlùbọ́ yẹn, a jẹ ẹ́ nílé. Ọṣẹ dúdú, wọ́n fi rán ẹnì kan tó ń lọ. Orí fóònù ni ìyá ti ń sọ bí wọ́n ṣe máa gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa fi aṣọ gbígbóná tẹ ìdodo rẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ó mọ ohùn ìyá àgbà dáadáa. Kò tíì mọ òórùn aṣọ rẹ̀.